Ọwọ́ Òsì Lábẹ́ Òkun

Ọwọ́ òsì ni Ọlọ́run fi dá mi lọ́lá, ọwọ́ ọ̀tún ni Màmá ní kí n máa lò. Láti kékeré, bí mo bá ṣèèṣì fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ṣíbí ọbẹ̀ Màmá á ti ba ẹ̀yìn ọwọ́ náà. Nígbà tí mo fi di tíṣà, mo ti ń fi ọ̀tún kọ̀wé jágajàga sójú pátákó, òsì kàn wà níbẹ̀ bí àlejò tí a kò fún ní àga.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí Màmá, ló ní dandan kí n rí ibi iṣẹ́ òun. Ní ìlú òkèèrè, ó ń mú àwọn àlejò mòòkùn lọ wo òkìtì iyùn lábẹ́ òkun, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń rìn fún ọjọ́ kan gbáko kó tó dé. Ará Ìlaro ni wá o. Omi tó pọ̀ jù tí mo mọ̀ ni èyí tí àwọn tírélà símẹ́ńtì Ìbèṣè máa ń fọ́n sí wa lára lẹ́yìn òjò.

Nígbà tó wálé ọdún Iléyá, ó gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ àti aṣọ rọ́bà dání, ó ń kọ́ mi nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan. Màmá tẹ̀ lé wa láti wá ṣọ́ mi. Aṣọ náà bò mí látorí dé ẹsẹ̀, Màmá ní aṣọ òyìnbó àkọ́kọ́ tí òun fọwọ́ sí nìyẹn. Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé kí n kúnlẹ̀ sísàlẹ̀ omi níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Màmá pàtẹ́wọ́, ó ní òun kò mọ̀ pé àwọn òyìnbó ní ẹ̀kọ́ ilé tó báyìí.

Ẹ̀kọ́ kejì ni àmì ọwọ́, torí ẹnu kì í ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi. Bí afẹ́fẹ́ bá ń tán, kí n di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ àyà. Mo fi òsì dì í. Bí mo ṣe yọrí jáde báyìí ni bàtà Màmá bà mí léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ lo ń di ẹ̀ṣẹ́ òsì sí? Ta ló ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá, kò sí òsì, kò sí ọ̀tún lábẹ́ omi."

"Ìyẹn nínú omi tìrẹ. Èmi ni mo bí i."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn ìsàlẹ̀ òkun gidi. Iyùn tí Màmá ní kí n mú bọ̀ fún òun wà níwájú mi lóòótọ́, àmọ́ ó wà láàyè, ó ń jẹun, kò sì jọ ohun tí à ń so mọ́rùn. Ṣáàkì mẹ́rin, ẹja eléyín mímú wọ̀nyẹn, ń yí wa ká. Gbogbo àdúrà tí mo gbà nítorí wọn láti Ìlaro, wọn kò tilẹ̀ wò mí. Ó dùn mí díẹ̀.

Lójijì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bí ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ìkọ́ kọ́ àpáta, mo fi ọ̀tún di okùn rẹ̀ mú. Mo wo aago tó ń wọn afẹ́fẹ́ mi: ọwọ́ rẹ̀ ti wọ ibi pupa, afẹ́fẹ́ ti ń tán. Ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí n máa yára mí i. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi, ó ń béèrè pé báwo ni. Òsì mi ṣófo. Ó ti ń gòkè lọ sí àyà mi fúnra rẹ̀ nígbà tí mo rántí bàtà Màmá, mo sì tẹ̀ ẹ́ padà. Mo ní kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ ọwọ́ ná, kí n fi ọ̀tún dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn bí ọmọ tí a kọ́.

Bí mo ṣe tú ọ̀tún sílẹ̀ ni omi gbé mi lọ. Àwọn ṣáàkì fúnra wọn yà fún mi. Bí mo ṣe ń lọ, mo ń di ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún mọ́ àyà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà mo fa afẹ́fẹ́, n kò rí nǹkan kan fà. Ẹ̀rù ikú bà mí. Ẹ̀gbọ́n mi ló lé mi bá, ó ki ẹnu rọ́bà kejì tó wà lára sìlíńdà rẹ̀ bọ̀ mí lẹ́nu, a jọ gòkè díẹ̀díẹ̀.

Nínú ọkọ̀, mo ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Nítorí ọwọ́?" Ó bú sẹ́kún.

Nígbà tí mo padà sí Ìlaro, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Màmá níbi tó ti ń bó ẹ̀pà sínú àwo. Ó rẹ́rìn-ín títí dórí àwọn ṣáàkì. Mo rò pé yóò yìn mí nígbà tí mo dé ibi ọwọ́, àmọ́ ó dáwọ́ ẹ̀pà bíbó dúró.

"Òsì ṣófo?"

"Ó ṣófo, Màmá."

"Afẹ́fẹ́ sì ń tán?"

"Ó ń tán, mà."

Ó bu ẹ̀pà lẹ́kúnwọ́, ó nà án sí mi. Mo na ọ̀tún. Kò tú ọwọ́ rẹ̀. Mo tún kúnlẹ̀ dáadáa, mo tún nà án.

"Èkejì," ló wí.

Mo na òsì. Ó da ẹ̀pà náà sí i.