Òwú Tí Ìyá Ọkọ Mi Fọwọ́ Rí

Òwú tín-ín-rín máa ń tutù lọ́wọ́ bí omi. Èyí tó nípọn a máa ha ènìyàn níka. Ní Oǹdó tí wọ́n bí mi sí, ìyàwó àlùfáà ìjọ wa ló kọ́ àwa ọmọbìnrin ní léèsì aláfọwọ́ṣe. A ó wé òwú mọ́ igi kéékèèké, a ó gún pínnì sára ìrọ̀rí líle, a ó wá máa fi igi kan kọjá lórí èkejì títí òdòdó yóò fi jáde. Ó máa ń tẹnu mọ́ ọn pé òwú tín-ín-rín ni ara léèsì, òwú tó nípọn ni ọgbà tó yí òdòdó ká. Èmi kò gbà. Lójú tèmi, òwú tó nípọn wà fún àwọn tí ọwọ́ wọn kò tíì mọ iṣẹ́.

Ọmọ Àkúrẹ́ ni mo fẹ́, ó sì mú mi lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Ìsìkàn. Ojú ìyá náà ti ń ṣú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: nígbà tí mo fi bí àkọ́bí mi, bàbá ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, kò ríran mọ́. Ẹkún ló sun. Ó ní gbogbo ọmọ ọmọ òun lòun mọ ojú wọn, àfi èyí. Bí mo bá ní kó fọwọ́ kàn án wò, á ní ojú kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ wá. Aṣọ ìrìbọmi ọmọ nìkan ló ń béèrè, nítorí ó fẹ́ràn aṣọ ju oúnjẹ lọ.

Mo lọ wá òwú tó tín-ín-rín jù lọ ní ọjà Arákálẹ̀, bí okùn aláǹtakùn. Mo fi ṣe léèsì olódòdó sí ọrùn aṣọ náà. Àwọn aládùúgbò ń pariwo, orí mi wú. Mo gbé e fún ìyá. Ó fọwọ́ pa á lọ, ó fọwọ́ pa á bọ̀.

“Ìyàwó, òdòdó ọ̀hún dà?”

“Ọwọ́ yín wà lórí ẹ̀, Mama.”

“Irọ́ lò ń pa! Ọmọ Oǹdó, o ṣáà mọ̀ pé mi ò ríran!”

Ó rẹ́rìn-ín, ó dá aṣọ padà fún mi, kò sì béèrè rẹ̀ mọ́.

Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Mo tú léèsì náà kúrò. Mo dijú, mo ń fi ìka yẹ àwọn òwú inú agbọ̀n mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tín-ín-rín sá mọ́ mi lọ́wọ́. Èyí tó nípọn jù le bí okùn, yóò ha ọmọ lọ́rùn. Mo mú èyí tó wà láàárín, mo ṣe léèsì mìíràn, mo sì fi òwú náà ṣe ọgbà yí ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan ká, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó àlùfáà ti ń pariwo rẹ̀ sí mi létí.

Lọ́jọ́ ìrìbọmi, ìyá gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwàásù ń lọ, ìka rẹ̀ ń rìn lọ́rùn aṣọ. Àfi bó ṣe ké:

“Ewé márùn-ún! Ìyàwó, ewé márùn-ún ló ní!”

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, oníwàásù náà dúró. Ìka ìyá ti kúrò lórí òdòdó, ó ti gun àgbọ̀n ọmọ, ó ti dé imú.

“Imú bàbá ẹ̀ nìyí,” ló wí jẹ́ẹ́. “Mo rí i.”

Ìyá ti lọ tipẹ́. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ níṣẹ́ báyìí máa ń bi mí pé òwú wo ló dára jù. Èmi náà á bi wọ́n pé ta ló máa fọwọ́ kàn án.