Èmi Kọ́ Ni Mo Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Bàbá Mi Hó

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lókè bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, èmi ni mo ń bu omi sí rédíétọ̀ ọkọ̀ bàbá mi ní agboolé wa ní Àrẹ̀mọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní irú agboolé bẹ́ẹ̀ mọ bí iṣẹ́ òwúrọ̀ ṣe máa ń rí. Bí a bá ti kírun àsúbà tán, ẹnìkan á gbálẹ̀, ẹnìkan á fọ abọ́, ẹnìkan á lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà. Omi mọ́tò ni tèmi. Mo máa ń fa omi kànga, màá fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ nítorí ìdọ̀tí, màá sì rọ ọ́ títí yóò fi kan ìka mi lẹ́nu ihò. Mi ò fo ọjọ́ kan. Mo tún un sọ, mi ò fo ọjọ́ kan.

Òwú ni bàbá mi ń tà fún àwọn tó ń hun òfì. Ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé yẹn ló fi ń kó o lọ sí Ìsẹ́yìn, òun náà ló sì fi ń yangàn ládùúgbò. Nígbà tó yá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bí a bá ti dé Ọjà'ba, tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ mú wa, èéfín á máa rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, òórùn irin gbígbóná á gba inú ọkọ̀ kan.

Oògùn kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Ràṣídì, mẹkáníìkì wa ní Ọ̀rányàn, ní fún ọkọ̀ tó bá ń hó. Yóò yọ tọ́mọ́sítáàtì, irin kékeré tó ń ṣí omi fún ẹ́ńjìnnì, yóò sì jù ú nù. Á ní ìlú olótùútù ni wọ́n ṣe é fún, bí ẹni pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ kò gbọ́n tó òun. Ó yọ ti bàbá mi, ó búra pé iṣẹ́ parí. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ tún hó ní Bẹẹrẹ. Ọkùnrin tó ti búra kò lè wá sọ pé òun ṣìṣe. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí.

"Alhájì, ta ló ń bu omi sí i? Ẹ bi ọmọ yìí dáadáa o. Ó jọ pé kì í bu ú kún."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di tèmi nìyẹn. Èmi sì mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Tí ilé-ìwé bá ti wà ní ìsinmi, mo máa ń bá bàbá mi lọ sí Ìsẹ́yìn. Bí a bá ń sáré lójú ọ̀nà, ọkọ̀ kì í hó rárá, àfi tí a bá dúró sójú kan nínú ìlú. Fáànù tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì, tó máa ń kùn nígbà tí mo bá ń ṣe súwè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ti dákẹ́ láti bí oṣù kan. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ọ̀nà ń fẹ́ ẹ. Bó bá dúró, kò sí ohun tó ń fẹ́ ẹ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, fáànù ni ò yí mọ́."

Ọ̀gá Ràṣídì rẹ́rìn-ín, ó ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní mo ya ọ̀lẹ, mo tún ya òpùrọ́. Pàṣán mẹ́fà ni mo jẹ, lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀ nínú oòrùn, mo gbọ́wọ́ sókè, gbogbo agboolé ń wò mí. Wọ́n gba iṣẹ́ omi lọ́wọ́ mi. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ò hó mọ́. Gbogbo wọn ní ẹ ò rí i bí, ìgbà tí kò sí lọ́wọ́ ọmọ yẹn mọ́ ni ara rẹ̀ yá. Wọ́n sọ mí ní Agbàgbé-omi, mo sì jẹ́ orúkọ yẹn títí mo fi relé ọkọ.

Nígbà Iléyá tó kọjá, bàbá mi tún fi ìtàn náà pa àwọn ọmọ mi lẹ́rìn-ín nídìí ẹran díndín. Ọdọọdún ni mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, inú bí mi, mi ò mọ ìgbà tí mo sọ̀rọ̀.

"Bàbá, omi kún. Fáànù ni."

Ó ń fa ẹran lára egungun, kò wojú mi. "Mo mọ̀. Ríwáyà tó tún iná ọkọ̀ ṣe lọ́sẹ̀ yẹn sọ fún mi pé wáyà fáànù ló já, ó sì so ó pọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ṣé kí n wá máa bẹ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni?"

Lónìí, kọ̀ǹpútà kékeré ni mẹkáníìkì ń kì bọ ọkọ̀, á sì sọ ibi tó ń dùn ún. Ọmọ ìwòyí á bèèrè ohun tó ṣe kó tó kúnlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń sọ pé ayé àtijọ́ dára ju báyìí lọ, pé ọmọ ń bọ̀wọ̀ fágbà. Èmi náà máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ létí mi mọ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti dárí ji bàbá mi, nítorí mo rò pé kò mọ̀ ni.