Ọjọ́ Kẹta Tí Erasto Fi Mezcal Sílẹ̀

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Erasto Lazo mọ òfì í tẹ̀. Ẹní irun àgùntàn ló ń hun, àwọn èèyàn sì ń ti ìlú Oaxaca wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kejìlá rèé tó ti já bọ́ láti orí òrùlé tó ń tún ṣe, láti ìgbà náà ni ẹ̀yìn sì ti ń ro ó. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Bó bá ti jókòó pẹ́nrẹ́n, ṣe ni yóò dà bíi pé kòkòrò ń rìn nínú egungun rẹ̀, àfi kó dìde kó máa rìn síwá-sẹ́yìn bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Kò sọ ti ẹsẹ̀ yìí fún ẹnì kankan. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ tí kò ní bú sẹ́rìn-ín?

Bó bá ń tẹ òfì, ẹsẹ̀ á sinmi. Bó bá mu mezcal, ọtí líle ìlú wọn, ẹsẹ̀ á sinmi, ẹ̀yìn á dákẹ́. Ife kékeré kan ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ìgò kan kì í tó o mu dalẹ́.

Ẹní ìgbéyàwó Rufina ọmọ rẹ̀ ló là á lójú. Ilà ara ẹní náà wọ́ bí ọ̀nà oko. Rufina wò ó, ó fi ọwọ́ bojú. Lọ́jọ́ Àìkú, Erasto kúnlẹ̀ níwájú Màríà Wúńdíá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó búra pé odidi ọdún kan lòun ò ní fi ọtí kan ẹnu. Ó délé, ó da gbogbo ìgò sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Zenaida ìyàwó rẹ̀ sunkún ayọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bò ó bí ẹni òjò pa. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó jókòó ti òfì, ó ní, "Zenaida, ta ló da èèrà sínú òwú mi?"

"Èèrà wo, Bàbá Rufina? Kò mà sí nǹkan kan níbẹ̀."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ọkọ rẹ̀ fi ṣubú lulẹ̀ gbì! Ara rẹ̀ gan, ojú rẹ̀ yí sókè, ó ń jà pìtìpìtì lórí ilẹ̀. Igbe tí Zenaida ké ló mú Chemo, aládùúgbò wọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, sáré wọlé. Zenaida ti mú síbí, ó fẹ́ fi la eyín ọkọ rẹ̀.

"Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ìyá! Ẹ jẹ́ ká yí i sí ẹ̀gbẹ́." Bí Chemo ti ń yí i ló ń tẹ fóònù. "Tíṣà Jovita, ẹ pàdé wa nílé ìwòsàn kíákíá!"

Ẹnu ya Zenaida. Tíṣà Jovita kẹ̀? Ọ̀gá ilé ìwé tó kọ́ àwọn ọmọ wọn? Kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Nígbà tí wọ́n fi máa dé, Tíṣà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun gan-an ló ń bi Zenaida: ìgò mélòó lójúmọ́, ọjọ́ wo ló mu ún gbẹ̀yìn? Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Wọ́n gún Erasto lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí i lára. Dókítà wá sọ fún Zenaida pé ẹni tí ọtí ti mọ́ lára tó bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, ó lè pa onítọ̀hún.

"Ẹ̀n-ẹ́n?" ni Zenaida wí. "Mímu ló ń pa èèyàn ni mo mọ̀! Àṣé èmi ni mò ń jó lórí ikú ọkọ mi?" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ni Erasto lò níbẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Chemo mú un lọ sí yàrá kan lẹ́yìn ilé ọlọ àgbàdo, níbi tí òun àtàwọn mìíràn tó ti fi ọtí sílẹ̀ ti ń pàdé. Wọ́n ní kó jókòó, ó ní rárá. Obìnrin kan dìde.

"Èmi ni Jovita. Ọ̀mùtí ni mí."

Erasto rò pé etí òun ló ń tan òun jẹ.

"Inú ife kọfí ni mo ń da ọtí mi sí," ni Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mò ń mu ún níwájú àwọn ọmọ yín, mò ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti fi sílẹ̀." Ó yíjú sí Erasto. "Ẹ ò fẹ́ jókòó. Ṣé ẹsẹ̀ ni? Ṣé ó ń ṣe bíi pé nǹkan ń rìn nínú egungun?"

Ara Erasto bù máṣọ. "Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Tèmi náà," ni bàbá aláta kan wí láti igun yàrá.

Ọdún méjìlá tó ti ń fi í pamọ́! Erasto fi ọwọ́ ti ògiri, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"A kì í ṣe dókítà o," ni Tíṣà wí, "a kì í fúnni lóògùn níbí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà nípa ẹsẹ̀ yẹn, ẹ ní kó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò."

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èròjà irin inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ohun tó ti ń bá a fà á látọjọ́ yìí nìyẹn, ọtí tó sì ń mu sí i tún ń dá kún un. Dókítà fún un ní oògùn irin, ó sì rán an lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá fún ẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ karùn-ún tó ń lo oògùn náà, Erasto já wọ ìpàdé, ojú rẹ̀ ti funfun. "Ẹ gbà mí! Ìgbẹ́ mi ti dúdú bí èédú! Inú mi ti jẹrà!"

Gbogbo wọn wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Oògùn irin ni í ṣe bẹ́ẹ̀, kò kàn sẹ́ni tó rántí sọ fún un ni. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ forí jì wá, Erasto. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló yẹ ká ti sọ ọ́."

"Ẹ sì ń wò mí," ni Erasto wí, "mo ti sọ fún Zenaida ibi tí kó sin mí sí!"

Ní oṣù kẹrin tó ti fi ọtí sílẹ̀, ó mu ife ọtí méjì níbi àjọ̀dún kan, ó sì pe Chemo kó tó gbé ìkẹta. Chemo wá fi kẹ̀kẹ́ gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yìn ṣì ń ro ó di òní, pàápàá bí òtútù bá mú. Ẹsẹ̀ ti rọlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ sí ìpàdé.