Ọjọ́ Mẹ́ta Lọ́wọ́ Ẹlòmíràn

Sẹ́kọ́ńdì làwọn aládùúgbò ń pe ọkùnrin tó ń tún aago ọwọ́ ṣe létí títì yẹn, nítorí bí aago bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan péré yẹsẹ̀, á mú un. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò gbà ju àga méjì lọ. Ó lófin kan tí kì í yẹ̀: aago tó bá tún ṣe gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ó ní aago tó ń ṣe dáadáa lórí tábìlì lè máa purọ́ tó bá dé ara èèyàn. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló máa ń so wọ́n mọ́. Olùkọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni ìyàwó yìí, aláwàdà tó lè pa òkú lẹ́rìn-ín. Nígbà míì aago mẹ́rin á wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọ iléèwé á sì máa bi í pé èwo ló gbà gbọ́ nínú wọn.

Ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní aago mẹ́wàá, ọkàn Sẹ́kọ́ńdì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Afẹ́fẹ́ ò tó o mí mọ́, ó ṣubú lulẹ̀ láàárín àwọn sukúrúù rẹ̀. Ó ti gbà pé ó parí nìyẹn. Nílé ìwòsàn, dókítà ní ọkàn rẹ̀ ò lábùkù, ìpayà ló ń bá a jà. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì so aago kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Aago yìí ń ka bí ọkàn ṣe ń lù àti wákàtí téèyàn fi sùn, á wá gba orí fóònù fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀. Gbogbo Ọjọ́rú ni nọ́ọ̀sì náà máa ń pè é.

Ìtọ́jú gidi ni o, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n gbé e fún. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún yẹ inú aago wò, aago wá ń yẹ inú òun náà wò. Bí nǹkan náà bá gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó rọra mí, ìyẹn gan-an ló máa ń gba èémí lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e sábẹ́ awò, ó wá sukúrúù tó máa tú, kò rí ẹyọ kan. Aago wo ni kì í ní sukúrúù? Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti fọkàn tán an mọ́.

Lọ́jọ́rú kan, nọ́ọ̀sì pè. "Bàbá, oorun yín ò dáa tó lọ́sẹ̀ yìí o. Bí ò bá yí padà títí Ọjọ́rú tó ń bọ̀, dókítà máa fi kún oògùn yín."

Oògùn tí Sẹ́kọ́ńdì ń lò lọ́wọ́ ti ń mú ìka rẹ̀ gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ sukúrúù tó ń tú lójoojúmọ́ ò tó ojú èèrà. Bí wọ́n bá fi ẹyọ kan kún un, ó di kó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Kí ni yóò wá máa pe ara rẹ̀? Ẹ̀rù bà á débi pé abíyá ló ń kó ọwọ́ méjèèjì sí tó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Òun ṣáà mọ̀ pé òun ń sùn. Aago yìí ló ń purọ́, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún aago tó bá ń purọ́.

Ní Ọjọ́ Àìkú, ó tú u, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá wọn, bá mi wọ èyí fún ọjọ́ mẹ́ta."

Obìnrin náà wo aago, ó wo ọkọ rẹ̀. "Bàbá wọn, èyí kọ́ lẹ tún ṣe o. Ẹ ò ṣe gbé e fún àbúrò yín, ẹni tó lè sùn lórí ìdúró?"

"Ọwọ́ tìẹ ni mo fẹ́. Ta ló tún fọkàn balẹ̀ tó ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ò kíyè sí i pé ẹ̀rín náà pẹ́ kó tó dé.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn gùn bí ọdún mẹ́ta. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, táwọn ọmọ iléèwé bá jáde lọ ṣeré, ìyàwó rẹ̀ á pè é bó ti ń pè é láti oṣù márùn-ún. Fóònù á dún, á tún dún. Sẹ́kọ́ńdì á kọ́kọ́ fi sukúrúù tó wà lẹ́nu ẹ̀mú sí àyè rẹ̀ ná. Ìgbà tó bá gbé e tán, ìyàwó rẹ̀ á ní, "Olówó orí mi, ṣé aago ò tíì gbé yín mì?" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Tó bá sì dé lálẹ́, aago náà á kó gbogbo ohun tó kà sórí fóònù ọkọ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni nọ́ọ̀sì pè, ohùn rẹ̀ ò sì rí bó ṣe máa ń rí.

"Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀? Òru mẹ́ta, ẹ ò sùn ju wákàtí méjì méjì lọ. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, lójoojúmọ́, ọkàn yín ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé."

Sẹ́kọ́ńdì fò sókè. "Mo mú un! Nọ́ọ̀sì, aago yín ti bàjẹ́! Ọwọ́ ìyàwó mi ló wà láti Ọjọ́ Àìkú!"

Nọ́ọ̀sì dáhùn pé, "Bàbá, a ti fi aago yẹn wé ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kí a tó so ó mọ́ yín lọ́wọ́. Kò bàjẹ́. Ṣé ìyá wà nítòsí?"

Ó yíjú padà. Ẹnu ọ̀nà ni ìyàwó rẹ̀ dúró sí, ó ti fa apá aṣọ bo aago náà.

"Kò sóhun tó ń ṣe mí o," ó ní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹkún ló gbẹ̀yìn ẹ̀rín náà. Àwọn àgbà ní bí ọ̀ràn bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Oṣù márùn-ún ló ti fi ń rín tiẹ̀.

"Aago mẹ́wàá lẹ ṣubú," ó wí. "Tí mo bá pè yín, títí ẹ ó fi gbé e, ilẹ̀ ni mo máa ń rí yín. Tó bá dòru, mo máa ń tẹ́tí sí i bóyá ẹ ṣì ń mí."

Ojú ti Sẹ́kọ́ńdì, àánú ìyàwó rẹ̀ sì ṣe é. Ó rántí gbogbo sukúrúù tó ti kọ́kọ́ fi sí àyè nígbà tí fóònù ń dún.

Nọ́ọ̀sì ní káwọn méjèèjì jọ wá lọ́jọ́ Ẹtì, kí Sẹ́kọ́ńdì gba aago rẹ̀ padà, kí ọ̀rọ̀ oògùn sì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. N ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù oògùn náà ṣì ń bà á.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́wàá lù, sukúrúù kan wà lẹ́nu ẹ̀mú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, sukúrúù bọ́ sílẹ̀, ó yí wọ abẹ́ tábìlì. Kò bẹ̀rẹ̀ wá a. Fóònù ló gbé, ó pe ìyàwó rẹ̀, ìyẹn sì gbé e kó tó dún tán lẹ́ẹ̀kan.

"Mo wà níbí," Sẹ́kọ́ńdì ní. "Orí àga ni mo jókòó sí."