Òru Jímọ̀ Simbiat

Ọdún mọ́kànlá ni Simbiat ti ń to bisikíìtì sínú páálí nílé iṣẹ́ kan l'Ágége, síbẹ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó ojúmọ́ fún ni. Òru ló ń ṣiṣẹ́. Bó bá wọlé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń kọ sí káàdì rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ fẹ́ gba àwọn kan síṣẹ́ gidi, wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ògiri: kí fọ́ọ̀mù wọlé kó tó di agogo méjìlá òru Jímọ̀. Láàárọ̀ Jímọ̀, bí Simbiat ti ṣíwọ́, ó mú tirẹ̀ lọ bá Fọlárìn, akọ̀wé.

"Àǹtí Simbiat, ó ti parí láti òru àná."

"Òru Ọjọ́bọ̀ nìyẹn! Ẹ wo káàdì mi."

"Kọ̀ǹpútà tó ń gba fọ́ọ̀mù kì í wo káàdì. Agogo méjìlá òru ni Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀."

"Ọ̀gá Fọlárìn, ta ló kí yín 'ẹ káàárọ̀' ní agogo méjìlá òru?"

Fọlárìn rẹ́rìn-ín. Ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, fọ́ọ̀mù kò wọlé.

Ẹni tó kọ ìkéde ló ṣàṣìṣe. Ààrin ọjọ́ méjì ni agogo méjìlá òru wà. Kò yẹ kí a fi orúkọ ọjọ́ kan ṣoṣo pè é. "Agogo méjìlá òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Jímọ̀" ni ì bá kọ. Ṣùgbọ́n àtúnṣe yìí kò ṣí ohun tó ti tì.

Lálẹ́, Simbiat padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó ṣíwọ́ láàárọ̀ Sátidé, Jímọ̀ ni wọ́n kọ sí káàdì rẹ̀.