Bọ̀dá Tó Ń Fi Sánpépà Ha Púlọ́ọ̀gì

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró sánpépà lára irin, inú á bí mi. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tí mò ń pè ní Bọ̀dá, ló ń fi mọ́tò kérò láàrin Ẹ̀fọ̀n àti Arámọkọ. Bí mọ́tò náà bá ti ń já lójú ọ̀nà, tí ẹ́ńjìnnì ń kọsẹ̀, yóò tú púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí i, yóò fi sánpépà ha ẹnu rẹ̀, yóò fẹ́ atẹ́gùn sí i, yóò sì dá a padà.

"Kò tíì kú," ni yóò wí.

Mẹkáníìkì rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lójú mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bí ẹnu púlọ́ọ̀gì yìí ti jẹ tán. Kọ́ìlì tó ń fún un níná náà ti sán. Ẹ pààrọ̀ wọn kí wọ́n tó dá yín dúró sọ́nà."

"Iṣẹ́ lò ń wá," ló fi dá a lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi. Bọ̀dá la pè pé kó gbé wa lọ ọsibítù. Kí a tó dé Erio, lórí òkè, mọ́tò já lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Orí ìyá mi wà lórí itan mi, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀ sì ń wá sánpépà lábẹ́ àga!

Mo kígbe mọ́ ọn, èmi tí mi ò gbójú sókè wò ó rí. Mọ́tò ẹlòmíràn ló gbé wa dé ọsibítù. Àwọn dókítà ní a pẹ́ kí a tó dé.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, Bọ̀dá ra púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì tuntun, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní kí n wá gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún. Ìyá mi ń fi ọwọ́ òsì jẹun nínú ilé, nítorí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ.

Mo ní, "Ẹ wọlé, ẹ sọ fún un fúnra yín."