Aago Tí N Kò Bá Tíṣà Tẹ̀

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé ní oríta Òrè ni mo ti kọ́ ayò Sikirábù, èyí tí à ń fi lẹ́tà to ọ̀rọ̀, láyé ìjọba ológun, nígbà tí gbogbo nǹkan ti wọ́n, tí àwọn tó ń mú ìwé wá fún títẹ̀ sì ń dín kù lójoojúmọ́. Tíṣà ló kọ́ mi. Gbogbo wa là ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, torí wọ́n kọ́ ọmọ níwèé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kí wọ́n tó padà sídìí oko kòkó wọn ní Odígbó. Àìsàn kan ti mú apá ọ̀tún wọn. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń to lẹ́tà, òun náà ni wọ́n fi ń kọ máàkì sílẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa káàánú wọn. Ẹni tó bá bi wọ́n léèrè apá náà, nínà ni wọ́n fi ń dá a lóhùn lórí ayò.

Aago olójú méjì kan ṣoṣo la ní. Ojú kan tìrẹ, ojú kejì ti ẹni tó ń bá ọ ta. Bí o bá ti ta tán, ìwọ ni kí o tẹ bọ́tìnnì ọ̀dọ̀ rẹ, kí tìrẹ dúró, kí tẹnì kejì máa lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lò kọjá, máàkì mẹ́wàá ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ní Òrè, a kì í jẹ́ kí àgbà nawọ́ sí aago. Ọmọdé ló ń tẹ̀ ẹ́ fún un. Bí Tíṣà bá ti to ọ̀rọ̀ wọn, tí wọ́n pe máàkì wọn, èmi ni mo máa tẹ bọ́tìnnì wọn, bí ìgbà tí ènìyàn ń gba ẹrù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọdún mẹ́rin la fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń ronú sí i mọ́.

Ẹnikẹ́ni kò lè ṣàdédé yọjú síbi ìdíje àgbáyé. Iye àyè tó kan orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kò pọ̀. Àwọn tó ta dáadáa jù lọ láàárín ọdún, tí orúkọ wọn wà lókè lókè nínú ìwé, ló kọ́kọ́ ń gbà á. Ẹyọ kan tó kù wá di ti ẹni tó bá gba ipò kìíní níbi ìdíje àṣekágbá ní Bìní. Kí o sì tó wọ ti Bìní gan-an, o gbọ́dọ̀ ti ta iye ayò kan pàtó níbi àwọn ìdíje tó ṣáájú. Ìdí nìyí tí èmi àti Tíṣà fi ń lọ Àkúrẹ́, tí a ń lọ Ìbàdàn, nígbà tí ọ̀wọ́n epo ń dá èrò dúró sí gáréèjì láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àyè náà ti bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà níbi tó ku díẹ̀. Àmọ́ èmi náà fẹ́ ẹ. N kò ní purọ́, mo ti ya fọ́tò tí mo fẹ́ fi gba ìwé ìrìnnà. Mo fẹ́ wọ bàálù, kí n jókòó síwájú ẹni tí kò mọ̀ pé ìlú kan ń jẹ́ Òrè.

Ọjọ́ méjì la fi ta á ní Bìní. Nígbà tó ku ayò kan ṣoṣo, àwọn alábòójútó lẹ orúkọ mọ́ ògiri. Èmi àti Tíṣà la wà lókè, ọgbọọgba ni wá, àwa méjèèjì náà la sì máa kojú ara wa. Ẹni tó bá jẹ ló ń lọ.

Títí di ìgbà yẹn, Tíṣà ti ń tẹ aago wọn fúnra wọn, torí àlejò ni wọ́n ń bá ta, ojú wọn sì wà lára aago. Nígbà tí wọ́n rí i pé èmi ni mo jókòó síwájú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, ara wọn balẹ̀. Wọ́n ń nà mí bọ̀. Nígbà tí ayò fẹ́ parí, tí aago wọn ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n to ọ̀rọ̀ gígùn kan, wọ́n pe máàkì wọn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n wá tẹjú mọ́ àwọn lẹ́tà tó kù níwájú wọn. Wọn kò tẹ aago.

Ọwọ́ mi ti gbéra. Mo dá a padà sórí itan mi.

Òfin kò ní kí n rán wọn létí. Mo ń tún ìyẹn sọ fún ara mi, mo dorí kodò bí ẹni ń ronú. Ìṣẹ́jú kan lọ. Èkejì lọ. Ẹ̀kẹta náà lọ. Àsíá pupa kékeré ojú aago wọn gòkè, ó sì já wálẹ̀: àkókò wọn ti tán. N kò gbé ojú sókè. Nígbà tí Tíṣà wo aago níkẹyìn, wọ́n wò mí, wọ́n sì rọra fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí a ta tán, máàkì méjìlá ni wọ́n fi jù mí lọ. Alábòójútó wá, ó wo aago, ó yọ ogún kúrò nínú tiwọn fún ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi kọjá. Mo fi mẹ́jọ jẹ. Tíṣà fọwọ́ sí ìwé náà kí n tó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbẹ́ ara wa la jókòó sí nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ wálé. Àwọn ṣọ́jà dá wa dúró lọ́nà, wọ́n ní ká sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún ní ká wọlé. A kọjá Òfosù. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má bínú.

"Mo rí ọwọ́ rẹ nígbà tó gbéra, ọma mi," Tíṣà wí. "Mo rò pé o ti tẹ̀ ẹ́ ni. Bí a bá délé, sọ fún wọn pé o nà mí. Má dárúkọ aago fún ẹnikẹ́ni."

Kò tiẹ̀ kàn mí láti sọ ọ́. Bí a ṣe sọ̀ ní oríta Òrè, tí àwọn ẹgbẹ́ ayò wa rọ́ bò wá, Tíṣà fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún wọn. Wọ́n ń ka àwọn ọ̀rọ̀ tí mo tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ọmọ náà kò jẹ́ kí àwọn mí. Gbogbo ènìyàn ń bọ̀ mí lọ́wọ́, mo sì dúró síbẹ̀, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.